Kò Tíì Kú, Òtútù Ló Mú Un

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: Orin Dáfídì 147:16–18, Jóòbù 14:7–9, 2 Tímótì 4:9–21

Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìfaradà. Ẹ kú iṣẹ́ òru, ẹ kú ìdúró de bọ́ọ̀sì, ẹ kú ṣọ́bìrì gbígbé láàárọ̀ kùtù. Ọlọ́run tí ó mú wa wọ inú òtútù ọdún yìí yóò mú wa jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Àmín.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé Chicago, òjò-dídì rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo ṣí fèrèsé, gbogbo igi àdúgbò ti wọ aṣọ funfun. Ẹnu yà mí. Mo wọ ẹ̀wù òtútù tí mo yá lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń gbé, mo dúró lábẹ́ igi kan, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó yà mí ní fọ́tò. Ẹnìkan ń lọ sílé lóṣù náà, mo sì fi fọ́tò yẹn rán an sí màmá mi ní Iléṣà. Mo rò pé inú wọn yóò dùn, wọn yóò sì máa fi han àwọn aládùúgbò.

Màmá pè mí lórí tẹlifóònù. Wọ́n ní, “Fọ́tò dé o, ọmọ mi. Mo rí igi, mo rí funfun. Ojú rẹ ńkọ́? Ojú rẹ dúdú bí ìdí ìkòkò, n kò rí imú, n kò rí ẹnu.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n tún ní, “Ṣé gbogbo igi ìlú yín ló ti kú ni?”

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè méjèèjì yẹn kò yẹ ní ẹ̀rín. Ọlọ́run lè fi wọ́n bi ìjọ kan. Èkíní: ojú ọmọnìkejì rẹ ńkọ́? Èkejì: ohun tí ẹ̀ ń pè ní òkú, ṣé ó ti kú lóòótọ́? Lórí ìbéèrè méjèèjì yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

OJÚ RẸ ŃKỌ́?

Láti ìgbà náà ni mo ti fẹ́ràn láti máa ya igi ní fọ́tò nígbà òtútù. Àwọn ọmọ mi mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé tí òjò-dídì sì ti rọ̀, n kì í tètè bọ́ bàtà. Nínú yíya fọ́tò yìí ni mo ti wá mọ ìdí tí ojú mi kò fi hàn sí Màmá.

Kámẹ́rà kò gbọ́n tó bí a ti rò. Bí wọ́n ti ṣe é ni pé ó gbà pé bí a bá da gbogbo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, yóò jẹ́ àwọ̀ eérú. Nígbà tí o bá gbé e sọ́wọ́ níwájú òjò-dídì, ó rí funfun tó pọ̀ rẹpẹtẹ, ó sì wí nínú ara rẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó bá dín ìmọ́lẹ̀ kù. Nítorí náà ni òjò-dídì tí ó funfun lójú rẹ ṣe máa ń dà bí eérú nínú fọ́tò. Bí ènìyàn dúdú bá wá dúró níwájú rẹ̀, a kò ní rí ojú rẹ̀ mọ́ rárá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ìwọ tí o ń ya fọ́tò ni yóò sọ fún kámẹ́rà pé kí ó fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, wàá fi ìka tẹ ojú ẹni náà lórí gíláàsì, wàá sì fa àmì oòrùn kékeré tí ó bá jáde sókè. Òjò-dídì náà kò kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ti hàn.

Ẹ̀yin ará, ojú tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ohun tí ó wà níwájú wa bá pọ̀ jù, owó ilé, owó iná, ìwé ìgbélùú, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, owó tí a ń fi ránṣẹ́ sílé, ojú ọmọnìkejì wa á di dúdú. A ó máa kí i ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, a ó máa bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, síbẹ̀ a kò rí i. Ó ti rù, a kò mọ̀. Ó ti wọ ẹ̀wù kan ṣoṣo fún oṣù mẹ́ta, a kò mọ̀. Kì í ṣe pé a burú. Ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ ojú wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i ní láti mọ̀ọ́mọ̀ fi ìka tẹ ojú rẹ̀.

ẸNI TÍ Ó NI ÒJÒ-DÍDÌ

Nínú Orin Dáfídì tí a kọ́kọ́ kà, Onísáàmù fi òjò-dídì wé irun àgùtàn, ó sì fi ìrì dídì wé eérú tí a fọ́n káàkiri. Ó béèrè ẹni tí ó lè dúró níwájú òtútù Olúwa. Ẹ kíyè sí i pé ó ya òjò-dídì sọ́tọ̀ kúrò lára ìrì dídì, òótọ́ sì ni. Òjò-dídì ti ojú ọ̀run wá. Ìrì dídì kì í rọ̀. Oru omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ní ń di yìnyín lára ẹ̀ka igi nígbà tí òru bá tutù tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, kò sì kọ́kọ́ di omi rárá. Ìdí nìyí tí igi lè funfun láàárọ̀ nígbà tí ilẹ̀ kò ní òjò-dídì kankan. Bí oòrùn bá ti ta sí i, ó lọ nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ yà á ní fọ́tò ní láti tètè jí.

Ọkùnrin àgbẹ̀ kan wà ní ìlú Jericho ní ìpínlẹ̀ Vermont, orúkọ rẹ̀ ni Wilson Bentley. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní ìwé nínú ilé, ìyá rẹ̀ náà ni ó sì fún un ní awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1885, ó so kámẹ́rà mọ́ awò náà, ó sì ya ẹyọ òjò-dídì kan ṣoṣo ní fọ́tò. Kí ó tó kú ní oṣù kejìlá ọdún 1931, ó ti ya èyí tí ó ju 5,000 lọ. Ó ní òun kò rí méjì tí ó bára mu rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìtàn Bentley ni ibi tí ó ti ṣiṣẹ́. Kò lè gbé òjò-dídì wọ inú ilé tí iná ń yá, nítorí pé yóò yọ́ kí ó tó wò ó. Inú ahéré tí kò ní iná ni ó ti ń ṣe é, a sì máa sé èémí rẹ̀ kí ooru ẹnu rẹ̀ má baà bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹwà ohun tí ó wà nínú òtútù, òun fúnra rẹ̀ ní láti jáde lọ bá a nínú òtútù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ní ti ìbéèrè Onísáàmù, ẹni tí ó lè dúró níwájú òtútù, àwa ará Chicago mọ ìdáhùn rẹ̀: kò sí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1985, òtútù ìlú yìí lọ sí 27 ní ìsàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Fahrenheit, kò sì tíì sí ọjọ́ tí ó tutù jù ú lọ nínú àkọsílẹ̀ ìlú yìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019, ó lọ sí 23 ní ìsàlẹ̀ òdo. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n lo ẹnu nọ́ọ̀sì díẹ̀. Bí ẹ bá ń jáde lọ ya fọ́tò tàbí lọ síbi iṣẹ́, ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta léra dípò ọ̀kan tí ó nípọn. Ẹ bo etí àti ìka. Ẹ má ṣe rìn lórí yìnyín ojú Lake Michigan nítorí fọ́tò. Ẹ má ṣe tan mọ́tò sílẹ̀ nínú gáréèjì kí ó lè móoru, nítorí èéfín olóró tí kò ní òórùn a máa pa gbogbo ilé. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́.

ṢÉ GBOGBO IGI LÓ TI KÚ?

Ìbéèrè kejì Màmá nìyí. Mo ní igi kan tí mo máa ń yà ní fọ́tò lọ́dọọdún. Ó wà ní Jackson Park, ní ìhà gúúsù ìlú yìí, níbi tí wọ́n ti ṣe Ìpàtẹ Àgbáyé ní 1893. Ní 2013, wọ́n gbin igi ṣẹ́rì tí ó lé ní 100 sí etí omi ibẹ̀. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀ ní oṣù kìíní, ẹ ó ṣàánú wọn. Kò sí ewé, kò sí òdòdó, ẹ̀ka wọn dúdú, òjò-dídì jókòó lé wọn lórí. Bí ẹ bá tún padà lọ ní òpin oṣù kẹrin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, èrò á ti kún ibẹ̀, òdòdó á ti bo gbogbo ẹ̀ka.

Níbo ni òdòdó náà ti wá? Mo rò tẹ́lẹ̀ pé nígbà tí ooru bá dé ni igi ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá súnmọ́ ẹ̀ka rẹ̀ nínú òtútù, tí ẹ fi ọwọ́ gbọn òjò-dídì kúrò, ẹ ó rí ìrudi kéékèèké, ó le, ìpẹ́ bò ó bí ẹni wọ ẹ̀wù òtútù. Láti ìgbà ooru tí ó kọjá ni igi ti ṣe é sílẹ̀. Òdòdó oṣù kẹrin ti wà lára igi oṣù kìíní, ó sùn ni. Ohun tí ó tún yà mí lẹ́nu ni pé igi ṣẹ́rì àti igi ápù kò lè tanná dáadáa bí wọn kò bá kọ́kọ́ rí òtútù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Màmá, wọ́n ní, “Ó dà bí àràbà nìyẹn.” Òótọ́ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, àràbà a máa wọ́ ewé rẹ̀ dànù, yóò dúró ní ìhòòhò, ẹnikẹ́ni ní Iléṣà kò sì ní gbé àáké lọ sí ìdí rẹ̀ pé ó ti kú. A mọ̀ ọ́n. Àwọn igi Amẹ́ríkà ni a kò mọ̀, ni a ṣe pè wọ́n ní òkú. Jóòbù nínú ìrora rẹ̀ sọ pé ìrètí ń bẹ fún igi, bí wọ́n tilẹ̀ gé e lulẹ̀, pé bí òórùn omi bá kàn án, yóò tún yọ ẹ̀ka.

Ẹ̀yin ará, bí igi bá ní ìrètí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó sọ nípa ènìyàn?

Ẹ̀ṢẸ̀ MI

Níbi yìí ni mo ní láti jẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni náà ti fún mi láyè láti sọ ọ́, kìkì pé kí n má dárúkọ òun.

Arákùnrin kan wà nínú ìjọ wa tí í máa dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gba àlejò. Ó dàgbà jù mí lọ. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà wàhálà wọ inú ilé rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ráhùn. Bí ẹ bá kí i, ẹ ó dúró fún wákàtí kan. Àwa kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún un. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, a sì sọ pé, “Ẹ ṣeun Olúwa, ara ti tù ú.” Kò pẹ́, a kò rí i mọ́.

Ọwọ́ mi ni ìwé orúkọ àwọn tí a ń bẹ̀ wò wà. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, kò gbé e. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò gbé e. Mo mú gègé pupa, mo fa ìlà lé orúkọ rẹ̀, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: “Ó ti kúrò.” Ó lé ní ọdún kan tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì rántí rẹ̀ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kejì, mo ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀. Ìrì dídì ti bo gbogbo igi Jackson Park. Ó lẹ́wà débi pé mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kí n tó dé ibi tí mo ń lọ. Mo ya fọ́tò, mo ya fọ́tò, títí fóònù mi fi kú sí mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni bátìrì rẹ̀ ju ìdajì lọ. N kò lè pe ọkọ mi, ìka mi ti ń dùn mí. Mo rí ọkùnrin kan níwájú ilé alájà kan nítòsí, ó ń fi ṣọ́bìrì kó òjò-dídì, mo lọ bá a pé kí ó jọ̀ọ́ yá mi ní fóònù rẹ̀. Ó yíjú padà. Òun ni.

Mo kúnlẹ̀ díẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀, sà.”

Ó wò mí. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀ o. Mo rò pé ẹ ti sin mí. Mo ní ẹ kàn gbàgbé láti pè mí síbi ìsìnkú náà ni.”

Ó rẹ́rìn-ín bí ó ti sọ ọ́, èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo nawọ́ fóònù mi sí i, mo ní ó ti kú. Ó gbà á, ó ṣí ẹ̀wù rẹ̀, ó fi fóònù náà sí abẹ́ apá, ó tún bo ẹ̀wù mọ́ ọn. A dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó mú un jáde tí ó sì tẹ̀ ẹ́, iná tàn lójú rẹ̀. Ó dá a padà fún mi, ó ní:

“Kò tíì kú o. Òtútù ló mú un.”

Ẹ̀yin ará, fóònù ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n gègé pupa ni mo rí.

OHUN TÍ ILÉ-ÌWÒSÀN KỌ́ MI

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé èmi tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì ni mí. Òfin kan wà tí a fi ń kọ́ àwa tí a ń tọ́jú ẹni tí òtútù mú: a kì í tètè pe ẹni tí ara rẹ̀ tutù ní òkú. A ó kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ móoru. Bí ara rẹ̀ bá móoru tí kò sì sí ìlùkìkì ọkàn, nígbà náà ni dókítà tó lè sọ ọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé òtútù a máa mú kí ọkàn lù pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ débi pé ọwọ́ lè má gbọ́ ọ, ó sì ń dín afẹ́fẹ́ tí ọpọlọ ń fẹ́ kù.

Ní oṣù kìíní ọdún 1984, ọmọdékùnrin ọmọ ọdún 4 kan já sínú Lake Michigan nígbà tí yìnyín là mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó wà lábẹ́ omi náà fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Wọn kò pè é ní òkú. Wọ́n mú ara rẹ̀ móoru díẹ̀díẹ̀, ó sì yè. Ní 1999, dókítà obìnrin kan, Anna Bågenholm, há sábẹ́ yìnyín odò ní ilẹ̀ Norway fún 80 ìṣẹ́jú, ara rẹ̀ tutù dé 13.7 lórí ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ sì ni 37 ni ti ènìyàn tó dá ṣáṣá. Òun náà yè, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ dókítà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń yè, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò bá mú móoru, a kò lè mọ̀ bóyá ì bá yè.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí òtútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ènìyàn, yóò máa gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn dára, ara ń jà ni. Bí òtútù bá wọlé jù, gbígbọ̀n á dúró. Ẹni tí kò mọ̀ á ní, “Ó ti sàn.” Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ewu ti dé. Nígbà tí arákùnrin wa ń ráhùn, ó ń gbọ̀n ni. Nígbà tí ó dákẹ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí Ọlọ́run dárí jì wá. Ẹ jẹ́ kí á máa fi etí sí ẹni tí ń ráhùn láàárín wa, kí á sì sáré lọ bá ẹni tí ó ti dákẹ́.

BÍ A TI Ń MÚ ENI MÓORU

Ohun mẹ́rin ni a fi kọ́ wa, mo sì gbà pé wọ́n bá ìjọ mu.

Èkíní, kọ́kọ́ gbé e kúrò nínú òtútù, kí o bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀. Bí ebi bá ń pa á, fún un lóúnjẹ. Bí kò bá ní mọ́tò, lọ gbé e. Má ṣe gbàdúrà lé aṣọ tútù lórí.

Èkejì, àyà ni a ń kọ́kọ́ mú móoru kí a tó kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Má ṣe tètè béèrè iṣẹ́ tí yóò ṣe nínú ìjọ tàbí owó tí yóò san. Ọkàn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ dé.

Ẹ̀kẹta, a kì í fi agbára ra ara tí òtútù ti jẹ, nítorí pé yóò ya. Ìbéèrè púpọ̀, “Níbo lẹ wà láti ìgbà yìí? Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Ṣé òótọ́ ni ohun tí a gbọ́?”, ìyẹn ni fífi agbára ra á.

Ẹ̀kẹrin, díẹ̀díẹ̀ ni. Ooru tí ó yá kánkán lè pa ẹni tí a fẹ́ gbà là.

Nínú ẹ̀kọ́ kẹta tí a kà, Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì wà nínú túbú ní Róòmù, ó ti darúgbó. Àwọn kan ti fi í sílẹ̀ lọ. Ó kọ̀wé sí Tímótì, ọmọ rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀kọ́ jíjinlẹ̀ inú ìwé náà, lára ohun kékeré tí ó bẹ̀ ẹ́ nìyí: kí ó bá òun mú ẹ̀wù òun tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì wá, kí ó sì sa gbogbo ipá rẹ̀ láti dé kí ìgbà òtútù tó dé. Pọ́ọ̀lù tí ó ti dé ọ̀run kẹta, òtútù ń mú un. Ó fẹ́ ẹ̀wù, ó sì fẹ́ ojú ẹni tí ó mọ̀. Kò sí àgbà nínú ìgbàgbọ́ tí ó kọjá èyí. Bí Bentley ti jáde lọ bá òjò-dídì nínú ahéré tútù, bẹ́ẹ̀ ni Tímótì ní láti gbéra lọ bá Pọ́ọ̀lù ní ibi tí ó wà. Pípè lẹ́ẹ̀méjì lórí fóònù, gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣe, kì í ṣe gbígbéra.

Nítorí náà, mo bẹ yín. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù ilé rántí orúkọ ẹnìkan tí a kò rí mọ́. Má ṣe fi iṣẹ́ rán ẹlòmíràn. Lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mú ọbẹ̀ dání. Bí kò bá ṣí i, gbé e sẹ́nu ọ̀nà, kí o tún padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ kó òjò-dídì kúrò níwájú ilé àwọn àgbà wa láìjẹ́ pé wọ́n pè yín. Ìwọ tí òtútù mú, tí o sì ń ka ìwé yìí nínú yàrá rẹ, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ kò tíì kú. Ọ̀rọ̀ Olúwa tí ó ń rán òtútù náà ni ó ń jáde tí yìnyín fi ń yọ́, tí omi fi ń ṣàn, gẹ́gẹ́ bí Orin Dáfídì ti wí.

Ẹ̀gbọ́n wa kò tíì padà sẹ́nu ọ̀nà tí ó ti ń gba àlejò. Ó wá ní ọjọ́ Ìsinmi méjì nínú oṣù tí ó kọjá, ó jókòó sẹ́yìn, ó sì lọ kí á tó kọ orin ìkẹyìn. Bí ẹ bá mọ ẹni tí mò ń sọ, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ má sì ṣe pè é síwájú láti jẹ́rìí. Ẹ kàn sún díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Díẹ̀díẹ̀ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ kí á jọ ya fọ́tò kan lábẹ́ igi. Mo fi ìka tẹ ojú wa lórí gíláàsì, mo fa oòrùn kékeré náà sókè. Mo fi ránṣẹ́ sí Màmá lórí fóònù àbúrò mi. Wọ́n pè mí kí n tó délé. Wọ́n ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, mo rí ojú rẹ lónìí. O ti ń dàgbà. Ta ni ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn? Ó dà bí ẹni pé òtútù ń mú un. Ẹ fún un ní nǹkan gbígbóná mu.”

ÀDÚRÀ: Olúwa, ìwọ tí o ni òjò-dídì tí o sì ni oòrùn, ṣí wa lójú kí á lè rí ojú ara wa. Gba gègé pupa lọ́wọ́ wa. Fún wa ní ẹsẹ̀ láti lọ bá ẹni tí ó wà nínú òtútù, àti sùúrù láti mú un móoru. Kí o sì jẹ́ kí á jùmọ̀ rí òdòdó lára igi, nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.